Àlejò Nínú Ilé Tí Ó Sanwó Rẹ̀: Èdè Yorùbá àti Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó Ọdún 2011

Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà láàárín onílé àti ayálégbé ní Èkó, gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ kí onílé tó fà á yọ: "Àlejò ni ẹ́ nínú ilé yìí." Gbólóhùn náà kúrú, kò sì ní èébú nínú. Yorùbá kì í fi ojú tín-ín-rín wo àlejò. Wọn a bu omi fún un, wọn a fún un ní ìjókòó, kí wọ́n tó béèrè ohun tí ó gbé e dé. Síbẹ̀, lẹ́yìn gbólóhùn yìí gan-an ni wáyà iná ti máa ń já, tí ilẹ̀kùn ti máa ń kúrò lára férémù, tí páànù òrùlé ti máa ń ṣí ní àkókò òjò. Àyẹ̀wò yìí gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí ìwọ̀n pẹ̀lú Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin náà. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń lé ènìyàn jáde. Ohun tí ó ń sọnù láàárín èdè méjèèjì tó iṣẹ́ fún onímọ̀ èdè, nítorí pé agbẹjọ́rò kì í sábàá sí nítòsí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu.

Ìjẹgun-Ẹ̀gbá ní Àmúwó-Ọ̀dọ̀fin jẹ́ ibi kan tí ó yẹ kí a ti wo ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ Àwórì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀gbá wà nídìí orúkọ rẹ̀ (èyí tó ìwádìí mìíràn fúnra rẹ̀). Ẹ̀bá Satellite Town ni ó wà, níbi tí àgbá epo ńláńlá pọ̀ sí, tí ọkọ̀ tánkà sì máa ń tò sójú pópó. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti àwọn tí ó ń se oúnjẹ tà fún wọn ń wá yàrá tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́. Festac Town náà wà nítòsí. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1977; lẹ́yìn àjọ̀dún, wọ́n ṣẹ́ gègé lórí àwọn ilé náà fún ará ìlú. Láti ìgbà náà, ilé ti kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, yàrá ẹ̀yìn ti di ilé fún ẹlòmíràn, ẹni tí ó ń gba owó ilé kì í sì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nígbà gbogbo. Òfin 2011 rí irú èyí tẹ́lẹ̀: ó ka éjẹ̀ǹtì, kiatékà àti ẹnikẹ́ni tí ó ń gba owó ilé mọ́ onílé. Ṣùgbọ́n ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò sì sọ ìdí. Ẹni tí ó bá kúrò ní Àmúwó-Ọ̀dọ̀fin tí ó lọ gba yàrá ní Àpápá ti jáde kúrò lábẹ́ òfin náà láì kúrò ní Èkó.

Ohun tí "yá" ń ṣe nínú ayálégbé

Ẹni tí ó yá ilé gbé ni ayálégbé. Ọ̀rọ̀-ìṣe "yá" kò fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí a sanwó fún àti ohun tí a rí gbà nípa ojúrere. À ń yá owó, à ń yá aṣọ, à ń yá àdá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ohun tí a yá, ẹni tí ó ni ín lè wá béèrè rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú, ẹni tí ó yá a kò sì ní ẹnu láti fi jiyàn. Aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn, àwọn àgbà ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó fi hàn pé owó ti kọjá ni "háyà", ṣùgbọ́n ọkọ̀, àga àti kánópì ni ó bá lọ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn. Nítorí náà, èdè ti jẹ́ kí ayálégbé jókòó ti àlejò kí onílé tó la ẹnu rárá. Ìtakora ibẹ̀ sì hàn gbangba: kò sí àlejò tí ó ń san owó odidi ọdún kan sílẹ̀, tí ó tún ń san owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n lé e, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ó rọrùn láti dá àṣà lẹ́bi níbí, kí a sọ pé òfin ìgbàlódé ni ó wá gba ayálégbé kalẹ̀ lọ́wọ́ Yorùbá àtijọ́. Ìtàn ilẹ̀ kò ti èyí lẹ́yìn. Àlejò tí ìdílé onílẹ̀ fún ní ilẹ̀ láti dáko, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí wọ́n lé lọ. Bí ó bá ń san ohun tí ó yẹ, tí kò sì sẹ́ pé ìdílé náà ni ó ni ilẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn kóòtù Nàìjíríà gba èyí gẹ́gẹ́ bí òfin ìbílẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì sọ ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yakubu, pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 kò pa irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ó lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àlejò ni kí ó dìde kí ó sọ pé òun ni òun ni ín. Ìṣákọ́lẹ̀ pàápàá sábà máa ń jẹ́ iṣu tàbí irè oko mìíràn, tí ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú ìjẹ́wọ́ ju iye rẹ̀ lọ.

Àlejò àtijọ́, nígbà náà, ní gbòǹgbò. Onílé tí ó ń pe ayálégbé rẹ̀ ní àlejò lónìí ti mú ìdajì àṣà, ìyẹn ìtẹríba, ó sì ti fi ìdajì kejì, ìyẹn ààbò, sílẹ̀. Kò yẹ kí onímọ̀ Yorùbá kankan jẹ́ kí ó fi orúkọ àṣà bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Orúkọ ìbátan ń ran gbólóhùn náà lọ́wọ́. Nínú ilé tí onílé ń gbé iwájú tí ayálégbé ń gbé ẹ̀yìn, tí kànga àti ilé ìwẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ilé, ayálégbé a máa pe onílé ní Bàbá, ní Dádì, ní Ìyá onílé. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń kúnlẹ̀ kí Bàbá láàárọ̀ kò ní gbólóhùn tí yóò fi sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ pé "ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gé omi" kí ó má dà bí ọmọ tí ó ń bá òbí jà. Yóò bẹ̀ ẹ́ ni, yóò sì wá àgbàlagbà àdúgbò kan láti bá òun bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kò burú, ó sì ti tú ọ̀pọ̀ ìjà ká ju ìwé agbẹjọ́rò lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sọ ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ di àánú.

Ìwé ọjọ́ méje

Kò sí ibi tí èdè ti pa ayálégbé lára tó ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Yorùbá Èkó ní orúkọ méjì fún un. Èkíní ni kúìtì: "Wọ́n ti fún un ní kúìtì." Ní Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìwé náà ní ọ̀rọ̀ méjì pàtàkì, ìkìlọ̀ àti kíkúrò. Ìgbà tí ó dé ẹnu Yorùbá, ìkìlọ̀ já bọ́, kíkúrò nìkan ni ó ṣẹ́ kù, nítorí náà ni ó ṣe ń dún bí ìdájọ́ tí ó ti parí. Orúkọ kejì ni séfún déèsì, ìwé ọjọ́ méje. Ẹni tí ó bá gbà á yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ní ọjọ́ keje ó ti ń wá ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí kí ó ti kó àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ yàtọ̀. Bí onílé àti ayálégbé kò bá ti fi ẹnu kò sí ìwọ̀n ìkìlọ̀ mìíràn, ẹni tí ó ń san owó oṣù ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tí ó ń san owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́ta, ẹni tí ó ń san owó ọdún ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà. Bí àdéhùn bá ní ọjọ́ ìparí tí ó sì ti parí, kò sí kúìtì mọ́. Ìwé ọjọ́ méje nìkan ni yóò wá. Ìwé ọjọ́ méje yìí kò lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé onílé ní in lọ́kàn láti lọ bá kóòtù kí ó lè gba ilé rẹ̀ padà. Bí ọjọ́ méje bá pé, onílé ni òfin ní kí ó dìde, kí ó gba ọ̀nà kóòtù lọ. Ayálégbé yóò gba ìwé ìpẹ̀jọ́, yóò wí tirẹ̀, adájọ́ yóò dá ẹjọ́, ó sì lè fún un ní àyè láti wá ibòmíràn. Bí ó bá kọ̀ láti jáde lẹ́yìn ìyẹn, òṣìṣẹ́ kóòtù ni yóò mú àṣẹ náà ṣẹ. Kì í ṣe ọmọ onílé, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ti mu ọtí.

Ẹ wo ohun tí gírámà ṣe níbẹ̀. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, onílé ni olùwà, lílọ sí kóòtù sì ni ìṣe. Nígbà tí ayálégbé bá máa ròyìn rẹ̀ fún aládùúgbò, gbólóhùn rẹ̀ ni pé: "Wọ́n ní kí n jáde láàárín ọjọ́ méje." Olùwà ti yí padà, ìṣe ti yí padà, kóòtù ti pòórá. Arọ́pò-orúkọ "wọ́n" sì ṣe ohun tí ó máa ń ṣe ní Yorùbá: ó fi ẹni tí ó sọ̀rọ̀ pamọ́. Onílé ni "wọ́n", agbẹjọ́rò ni "wọ́n", ọlọ́pàá àti adájọ́ náà ni "wọ́n". Lẹ́tà tí agbẹjọ́rò onílé tẹ òǹtẹ̀ lù wá gba agbára gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ "wọ́n" kì í béèrè pé ta ni, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn gan-an ni òfin dá lé lórí.

Ní ọdún 2021 ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Pillars àti Desbordes, ẹjọ́ tí ó ti wà ní kóòtù láti ọdún 1993, Adájọ́ Helen Ogunwumiju ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ láti jẹ́ kí àbùkù inú ìwé ìkìlọ̀ di ibi ìsápamọ́ fún ayálégbé tí ìwé ìpẹ̀jọ́ ti tẹ̀ lọ́wọ́. Ó ṣòro láti bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ti pọ̀ jù. Ewu rẹ̀ wà nínú bí ìròyìn rẹ̀ ṣe lè dé etí ènìyàn, pé kúìtì kò ṣe pàtàkì mọ́. Agbára ìwé ni ìdájọ́ náà dín kù. Agbára kóòtù wà bí ó ti wà: àfi kí onílé kọ́kọ́ débẹ̀.

Ìgbádùn, ìní, ìkáwọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ òfin náà sí Yorùbá yóò kọ ẹsẹ̀ lábala kẹfà, níbi tí wọ́n ti ka ẹ̀tọ́ ayálégbé. Gẹ̀ẹ́sì òfin pe ẹ̀tọ́ náà ní "quiet enjoyment". Bí a bá kọ ọ́ sí "ìgbádùn ìdákẹ́jẹ́", yóò dà bí òde àríyá tí wọn kò ti lu ìlù. Kò sí ọ̀rọ̀ fàájì tàbí ariwo nínú rẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí ènìyàn fi ọkàn balẹ̀ gbé ibi tí ó sanwó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. "Ìyọlẹ́nu" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, ó sì gba gbogbo ohun tí abala kẹfà àti abala kẹjọ fẹ́ kà sínú: kí onílé má wọ yàrá ayálégbé bí ó ti wù ú, kí ó má gé ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò, kí ó má gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Yorùbá ṣe dáadáa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ níbí, nítorí "ìgbádùn" tiwọn ti ṣi àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an lọ́nà.

"Possession" ni ó le jù. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò sáré mú "ìní" wá, "ìní" yóò sì dá ogun sílẹ̀. Ayálégbé tí ó bá sọ pé ilé jẹ́ ìní òun ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ àlejò àtijọ́ gan-an, ó ti sẹ́ ẹni tí ó ni ilé. Bí onílé bá gbaná jẹ, kò jẹ̀bi. Òfin kò fún ayálégbé ní ìní. Ohun tí ó fún un ni pé, títí àdéhùn tàbí àṣẹ kóòtù yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó di ilé náà mú, ó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ gbogbo ayé, títí kan onílé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí mu ni "ìkáwọ́". Ilé Bàbá ni, ìkáwọ́ mi ni ó wà. Ayálégbé lè sọ gbólóhùn yẹn lórí ìkúnlẹ̀ láì tàbùkù onílé, kò sì ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ tọrọ.

Abala kẹrìnlélógójì ni ó kan ipá. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá lé ayálégbé jáde tàbí gbìyànjú rẹ̀, láti fi ìṣe tàbí ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà á kí ó lè jáde, tàbí láti wó ilé tàbí yí i padà nítorí àtilé e láì gba àṣẹ kóòtù. Ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn tí kò ju ₦250,000 lọ tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, kì í ṣe gbèsè. Nítorí náà ọlọ́pàá tí ó bá dá ayálégbé padà pé "ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, ẹ lọ sí kóòtù" ti da ẹjọ́ méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn náà kò lè dẹ́rù ba ẹni tí ó lówó lónìí. Owó ọdún kan lórí ilé oníyàrá méjì ní Festac ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onílé tí ó bá ṣírò rẹ̀ lè rí i pé ìtanràn kéré sí owó tí ayálégbé tuntun yóò san.

Gbèsè àti ẹ̀rín

Ìdí mìíràn wà tí àánú ará ìlú kì í fi í tètè dé ọ̀dọ̀ ayálégbé: ẹ̀rín. Nínú eré Basi and Company tí Ken Saro-Wiwa kọ, tí NTA bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní ọdún 1986, Madam onílé ń lé Basi kiri ní òpópónà Adétọ̀lá nítorí owó ilé, gbogbo Nàìjíríà sì ń rẹ́rìn-ín. Àwàdà orí ìtàgé àti fíìmù Yorùbá náà mọ ayálégbé tí ó ń yọ́ gba ojú fèrèsé jáde. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ kò lè dúró láìsí gbèsè, ó sì ti kọ́ òǹwòran láti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo bí wọ́n bá rí ẹrù níta: ṣé ó ti sanwó? Òfin kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí gbèsè bá dé ìwọ̀n kan, àdéhùn lè parí, ṣùgbọ́n kóòtù ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò tíì pàdánù ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọdún 1986 kan náà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu ẹni tí kò jọ Basi rárá. Ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó ti lo ọlọ́pàá láti lé Chukwuemeka Ojukwu kúrò nínú ilé ní Ìkòyí, nígbà tí ẹjọ́ lórí ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sílé; wọn kò dá a padà. Nígbà tí ìjọba wá bẹ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pé kí ó dá àṣẹ náà dúró, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀: ẹni tí ó ti fi ipá gba ohun tí ó wà níwájú kóòtù kò lè tún wá tọrọ ojúrere lọ́wọ́ kóòtù náà. Ní ọdún 1997, nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ ọ́ fún onílé lásán pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé. Bí ìjọba tí ó ní ológun kò bá lè ṣe é, kí ni onílé tí ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta àti òòlù kan fẹ́ gbé ara lé?

Ẹjọ́ méjèèjì wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò, wọ́n sì jìnnà sí Ìjẹgun-Ẹ̀gbá. Citizens' Mediation Centre àti Office of the Public Defender, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, ń ran ayálégbé lọ́wọ́ láì gba owó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbàgbọ́ pé "wọ́n" ti dá ẹjọ́ òun kì í wá kóòtù tàbí alálàjà lọ. Ibi tí ó yẹ kí Yorùbá ti wọlé ni ojú ilẹ̀kùn, lórí ìwé ọjọ́ méje fúnra rẹ̀. Láì yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú òfin, ìpínrọ̀ kan lè wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí yóò kà báyìí:

Ìwé yìí kì í ṣe àṣẹ pé kí ẹ kó jáde. Onílé yín ń fi yé yín pé, bí ọjọ́ méje bá pé, òun yóò lọ sí kóòtù láti gba ilé padà. Ẹ lè lọ síbẹ̀, kí ẹ sọ tẹnu yín. Títí kóòtù yóò fi pàṣẹ, ìkáwọ́ yín ni ilé wà; ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ yín síta, kò gbọdọ̀ gé iná tàbí omi yín, kò sì gbọdọ̀ kó ẹrù yín síta.